Ta Ló Ní Kí Opó Rẹ́rìn-ín?

Ẹdẹ,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún, 2025

Mọ́mì mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà jíjìn. Ìyá Àgbà ní kí n kí yín, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Èmi náà wà.

Mo pè yín lánàá, ẹ ní ẹ wà nínú mítìnì ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó fi fóònù yà á ránṣẹ́. Tí mo bá fi ohùn sọ ọ́, ẹ ó gbọ́ ẹkún níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mò ń bá jà báyìí.

Ọ̀rọ̀ Sátidé ni. Ẹ ní kí n gbé fóònù wọ yàrá Àǹtí Sìmbíátù kí àwọn ará Ẹgbẹ́ Ọwọ́jọpọ̀ yín lè rí opó tí wọ́n fẹ́ fi ìrẹsì ràn lọ́wọ́. Mo gbé e. Orí àwọn ará ẹgbẹ́ kún inú fóònù bí ẹyin inú kéréètì. Ọ̀kan ń jẹun. Ọ̀kan ń wa mọ́tò. Àǹtí Sìmbíátù jókòó sórí ẹní nínú aṣọ dúdú, bí wọ́n ṣe ń jókòó látìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Ọládòṣù ọkọ wọn ti kú nínú ààwẹ̀. Opó wọn ò tíì pé. Ẹ̀yin ọmọ agboolé yìí lẹ mọ̀ jù mí lọ pé àlejò kì í rí ojú opó kó tó pé, áḿbọ̀sì àlejò tó wà ní Kánádà.

Ẹ wá ní kí wọ́n wọ tíṣáàtì ẹgbẹ́ lé aṣọ opó lórí. Tíṣáàtì aláwọ̀ ìyeyè tó ń ta yanran!

Àǹtí bẹ̀ yín, wọ́n ní, “Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gba ìrẹsì náà báyìí.”

Ẹ ní, “Ìyàwó wa, wọ̀ ọ́ jàre. Kò pẹ́ rárá. Àwa ẹgbẹ́ nìkan la máa rí i.”

Wọ́n wọ̀ ọ́. Ẹ tún ní ojú wọn le, pé ẹni tó bá rí i á rò pé ìyà la fi ń jẹ wọ́n. “Rẹ́rìn-ín, ìyàwó wa. Mo ní kí o rẹ́rìn-ín!” Ẹ̀rín ò wá. Ni ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn bí Bọ̀ọ̀dá Ọládòṣù ṣe fi bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì lọ síbi ìgbéyàwó wọn, tó ń tiro bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ẹ̀rín bú lẹ́nu Àǹtí, omi sì bọ́ lójú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kígbe mọ́ mi pé, “Yà á! Mubarakah, yà á!”

Mo yà á. Omijé ò hàn nínú àwòrán náà. Eyín nìkan ló hàn. Àwọn ẹyin inú kéréètì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ẹ pa fóònù, Àǹtí bọ́ tíṣáàtì náà, wọ́n kọjú sí ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àwòrán yẹn jáde. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bẹ̀ yín nìyẹn.

Mò ń rí i lórí ìkànnì ẹgbẹ́ yín bí ẹ ṣe ń kí gbogbo wọn kú ọjọ́ ìbí. Tèmi ti kọjá lóṣù tó lọ. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ọmọ yín,
Mubarakah


Wínípẹ́ẹ̀gì, Kánádà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2025

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Ìyá Àgbà le? Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, oorun sì ń gbé mi lọ. Jọ̀ọ́, má bínú nítorí ọjọ́ ìbí rẹ. Mi ò gbàgbé. Ó kàn kọjá kí n tó mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àwòrán, a ti gbé e jáde kí ìwé rẹ tó dé. Ó sì rẹwà! Àwọn èèyàn ń kọ̀wé pé ẹ̀rín ìyàwó wa mú orí àwọn wú. Àwọn kan ti wọ ẹgbẹ́ nítorí ẹ̀rín yẹn. Ìwọ rò pé àṣehàn ni. Bí a bá ṣe oore nínú òkùnkùn, ta ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà wá ṣe? Ẹnu rẹ ti ń mú jù, Mubarakah, bí abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ìyá rẹ ni mí, èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ.

Jẹ́ kí n fún ọ ní ìròyìn ayọ̀. Ní Sátidé tó máa parí oṣù yìí, wọ́n máa fi mí jẹ Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọwọ́jọpọ̀! Èmi Hasanat! Àwọn arúgbó tí mò ń wẹ̀ níbí ò lè pe orúkọ mi, “Hánà” ni wọ́n ń pè mí. Nínú ẹgbẹ́ yìí nìkan ni mo máa ń gbọ́ kí ẹnì kan pè mí bó ṣe yẹ, kó tún fi “Ìyá wa” sí i. O ò lè mọ bó ṣe ń ṣe mí.

Jọ̀ọ́, kó àwọn ọmọ agboolé jọ, kí ẹ gbá ojú títì Ọwọ́dé. Ya fídíò kí ẹ tó gbá a, kí o tún ya òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wọ tíṣáàtì.

Ìyá rẹ


Ẹdẹ,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, 2025

Mọ́mì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò gbá títì kankan.

Àwòrán yín ti dé ọwọ́ Alájì Najeem. Ẹnì kan ní Ìlọrin ló fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ní kí wọ́n wá wo ìyàwó àbúrò wọn. Ẹ mọ ìwà wọn. Wọn ò kan ilẹ̀kùn. Wọ́n na fóònù síwájú bí ẹni tó mú òkú eku nírù.

“Sìmbíátù! Ta nìyí?”

“Èmi ni, Alájì.”

“Ìwọ ni? Mo rò pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni! Ọládòṣù ò tíì jẹrà tán nínú ilẹ̀, ìwọ ti bọ́ dúdú, o wọ ìyeyè, ò ń yọ eyín sí gbogbo ayé!”

Ìyá Àgbà ní, “Alájì, ẹ rọra o. Lèmọ́mù ò sọ pé ẹ̀rín ń ba opó jẹ́.”

“Lèmọ́mù kì í gbé inú ilé yìí, Ìyá. Lójú Ọlọ́run, ó lè má bàjẹ́. Lójú ayé, ó ti bàjẹ́. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá àwa la pa á fún un.”

Wọ́n ní kí Àǹtí di ẹrù wọn, kí wọ́n padà sí ìlú Ara, sílé bàbá wọn. Tawheed ọmọ wọn ò ní bá wọn lọ, ọmọ ilé yìí ni. Ọmọ ọdún márùn-ún, Mọ́mì! Ó ń bi mí pé ṣé ní Ara, wọ́n máa ń gba ọmọdé. Kí ni kí n sọ fún un?

Àǹtí kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ọkọ mi ló ní kí n rẹ́rìn-ín. Eyínfúnjowó ni. Mi ò lè kọ̀ sí ọkọ mi lẹ́nu.” Òótọ́ sì ni. Wọ́n bá yín nínú ilé yìí. Ìyàwó ilé ni wọ́n, ẹ̀yin lọ́kọ, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Tí ọkọ bá ní kí ìyàwó dìde, á dìde. Alájì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní tó bá jẹ́ Hasanat ló pàṣẹ, ẹ̀bi ò sí lọ́rùn Sìmbíátù. Àmọ́ kí Hasanat fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní èmi wà níbẹ̀, mo gbọ́. Wọ́n ní àwọn kì í gba ẹ̀rí ọmọ lórí ìyá.

Jímọ̀ọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún, tí wọ́n bá kírun tán, gbogbo ilé máa jókòó. Ẹ pè wá. Gbólóhùn kan péré ni: “Èmi ni mo ní kó rẹ́rìn-ín.” Kí ẹ sì yọ àwòrán yẹn kúrò.

Mubarakah


Wínípẹ́ẹ̀gì,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025

Àjọkẹ́,

Mo ka ìwé rẹ, ọkàn mi ò balẹ̀. Bá mi bẹ Ìyá Tawheed. Sọ fún un pé mi ò gbèrò ibi sí i láéláé.

Mo máa pè ní Jímọ̀ọ̀, in shā Allāh. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé ọ. Àwòrán yẹn, mi ò lè yọ ọ́ báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, akọ̀wé wa, ti fi í síwájú ìjábọ̀ ọdún. Mo ní kí ó yọ ọ́, ó ní kí ni ìdí. Kí n sọ pé kí ni? Pé mo mọ̀ pé opó rẹ̀ ò tíì pé, mo sì fipá mú un? Àwọn kan wà tí kò fẹ́ kí n jẹ Ààrẹ yìí, ohun tí wọ́n ń wá kiri nìyẹn. Ẹgbẹ́ yìí ló dúró tì mí nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ níbí, tí n kò ní ẹnì kankan tó máa bu omi fún mi. Wọ́n ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Mi ò fẹ́ kí ojú wọn yí kúrò lára mi.

Jẹ́ kí Alájì máa bínú díẹ̀. Ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Màá pè. Mo ṣèlérí.

Ìyá rẹ


Ẹdẹ,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Karùn-ún, 2025

Mọ́mì,

Ẹ kú ìlérí.

Gbogbo ilé jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Alájì. Mo gbé fóònù sórí àpótí láàárín, wọ́n ń wò ó bí ìkòkò orí iná. Kò dún. Mo pè yín, ó ń dún lọ́dọ̀ yín, ẹ ò gbé e. Mo tún pè.

Alájì ní, “Ṣé òtútù ti gan Hasanat mọ́ ilẹ̀ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo wo ìkànnì ẹgbẹ́ bóyá mo máa rí ìdí kan, bóyá nǹkan ṣe yín. Ẹ wà níbẹ̀! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sí ẹnì kan tó ń gbé ní Àmẹ́ríkà pé ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ fi òdòdó sí i. Fóònù yẹn wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ mi ń tàn lójú rẹ̀, ẹ ń wò ó.

Mọ́mì, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Bí ìgbà tí èèyàn fẹnu kan ọbẹ̀, tó wá rí ìdin níbẹ̀. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn.

Alájì ní, “Sìmbíátù, o ti gbọ́. Ẹni tí o ní ó rán ọ níṣẹ́ ò jẹ́ ìpè.” Tawheed wá di aṣọ ìyá rẹ̀ mú lẹ́yìn. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, “Èmi ni! Èmi ni mo fi tíṣáàtì wọ̀ wọ́n, èmi ni mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́mì mi ò mọ nǹkan kan.”

Àǹtí wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Alájì ní kí n jáde, kí n má tún fẹsẹ̀ tẹ yàrá Àǹtí títí opó á fi pé. Wọ́n ní àwọn máa lọ ro ọ̀rọ̀ náà. Àǹtí ló ń dirun fún mi, Mọ́mì. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń jẹun nígbà tí ẹsẹ̀ bá dun Ìyá Àgbà.

Mo ti purọ́ nítorí yín. Ó ti tán. Inú yín dùn?

Mubarakah


Wínípẹ́ẹ̀gì,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2025

Àjọkẹ́ mi, ọmọ tó ṣeé fi yangàn,

Ọlọ́run á dúró tì ọ́. Bí mo ṣe ka ìwé rẹ, ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀. Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ lẹ́nu. Ọmọdé ni ọ́, wọ́n á bínú sí ọ lónìí, wọ́n á gbàgbé lọ́la. Tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo rí ìpè rẹ, òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ò kàn lè gbé e. Mo wò ó títí tó fi dákẹ́. Jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Mo ti sọ̀rọ̀ rẹ fún ẹgbẹ́! Wọ́n fẹ́ kí o sọ̀rọ̀ ní Sátidé ọjọ́ ìfinijoyè, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀dọ́ Aṣèrànwọ́ tó tayọ. Díẹ̀ ni kí o sọ: bí inú yín ṣe dùn tí ìrẹsì dé, bí ẹ̀rín ṣe padà sẹ́nu opó. Wọ tíṣáàtì náà, sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ


Ẹdẹ,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2025

Sí Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọwọ́jọpọ̀,

Ẹ kú oyè.

Ọ̀rọ̀ ò yanjú. Irọ́ mi ló tún bà á jẹ́ sí i. Alájì ro ó tán, wọ́n pe Àǹtí, wọ́n ní, “Tó bá jẹ́ Hasanat ni, màá ní ọkọ rẹ ló pàṣẹ fún ọ. Mubarakah ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n gbé wá sílé yìí lẹ́yìn tí o ti wọlé ọkọ! Ìwọ lo jù ú lọ. Ọmọdé ní kí opó rẹ́rìn-ín, opó sì rẹ́rìn-ín? A jẹ́ pé inú rẹ ló ti wá.”

Mi ò ronú dé ibẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí. Mo gba ohun kan ṣoṣo tí Àǹtí lè fi gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo fi bo ìyá mi láṣírí. Àǹtí sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn ò já mi nírọ́. Wọ́n ní tí àwọn bá ní irọ́ ni mò ń pa, Alájì á nà mí.

Tí Iléyá bá ti kọjá, Àǹtí ń lọ sí Ara nìyẹn. Wọ́n ti ń di ẹrù. Ìyá Àgbà ń sunkún, wọ́n ní ata ló wọ àwọn lójú.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ kankan ní Sátidé yín. Mo ti jáde nínú ìkànnì yín. Tíṣáàtì náà, mo fi nu ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ ń wẹ àwọn arúgbó tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ ń bá ẹni tí ẹ ò rí rí ṣọ̀fọ̀ ajá rẹ̀ lórí ìkànnì. Mo rí ìyẹn náà. Àmọ́ ẹni tó pè yín ní ọkọ, gbólóhùn kan, ẹ ò lè sọ.

Mubarakah


Wínípẹ́ẹ̀gì,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2025

Mubarakah,

Má jẹ́ kí Ìyá Àgbà rí ìwé yìí.

Mo ka tìrẹ nígbà tí mò ń dúró de bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì dé, ó lọ, mi ò wọ̀ ọ́. Mo pe Alájì láti ibẹ̀. Ó ní òun kì í gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ilé létí òun nìkan. Ó ní lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, tàbí kí n pa ẹnu mi mọ́ títí láé.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì tiyín, òwúrọ̀ ni níbí. Àkókò yẹn gan-an ni ìfinijoyè.

Gbé fóònù lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Alájì. O lè má gbà mí gbọ́. Gbé e lọ ṣáá.

Hasanat, ìyá rẹ


Ẹdẹ,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 2025

Mi ò gbà yín gbọ́. Ìyá Àgbà ló gbọ́ lẹ́nu Alájì, wọ́n fi ọ̀pá lé mi lọ.

Fóònù dún kí n tó jókòó. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn yín, ojú yín wú. Ẹ kúnlẹ̀. Nǹkan kan ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kò dákẹ́, títí Alájì fi ní, “Kí ló ń ké níbẹ̀ yẹn?”

Ẹ ní, “Ẹgbẹ́ wa ni, Alájì. Wọ́n ń dúró dè mí.”

“Jẹ́ kí wọ́n dúró. Hasanat, ta ló ní kí opó rẹ́rìn-ín?”

“Èmi ni. Ó bẹ̀ mí pé òun ò fẹ́. Mo pàṣẹ fún un gẹ́gẹ́ bí ọkọ.”

“O mọ̀ pé opó ni?”

“Mo mọ̀.”

“Àánú rẹ̀ ló ṣe ọ́ ni, àbí ojú ayé lò ń wá?”

Mò ń wo ẹnu yín. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ máa purọ́ báyìí, ẹ máa ní àánú ni. Ẹ̀yin wá ní, “Ojú ayé ni, Alájì.”

Alájì mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ọkọ pàṣẹ fún kò jẹ̀bi, opó Sìmbíátù dúró gbọn-in, kí wọ́n tú ẹrù wọn. Tawheed ò dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ó sáré wọlé lọ tú ìdì aṣọ, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e lórí. Alájì wá yíjú sí mi: “Ìwọ onírọ́ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyàwó ilé jáde pẹ̀lú àánú rẹ. Ìwọ lo máa pọnmi fún un títí opó á fi pé.” Mo ti pọn ti òwúrọ̀ yìí. Àǹtí fà mí mọ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní irun orí mi ti dà bí itẹ́ ẹyẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ìyá Àgbà wo ìkànnì lórí fóònù wọn. Wọ́n ti fi Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí jẹ Ààrẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara yín ò yá. Lálẹ́ àná, àwòrán Àǹtí ṣì wà níbẹ̀. Lónìí, kò sí mọ́. Bóyá ẹ̀yin lẹ yọ ọ́. Mi ò béèrè.

Mi ò ní purọ́ mọ́. Nígbà tí ẹ ní “ojú ayé”, nǹkan kan rọ̀ nínú mi. Àmọ́ ìríra yẹn ò tíì lọ. Òórùn ẹja ni. Èèyàn á fọ ọwọ́ títí, á ṣì wà lábẹ́ èékánná. Tí mo bá rántí fóònù tó ń dún lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn, tí ẹ ń wò ó, ara mi á tún kọ̀ yín.

Ìyá Àgbà ní kí n kí yín. Tawheed náà ní kí n kí yín. Àǹtí Sìmbíátù ní kí n bá àwọn kí Eyínfúnjowó dáadáa, kí ẹ má jẹ́ kí òtútù mú yín.

Èmi ò tíì kí yín.

Mubarakah